Bí Wọ́n Bá Dí Ọ̀nà Mọ́ Ọ, Ṣé Ogun Ló Kàn?

Ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí Ọláìyá, níbí ní Òṣogbo, ló bi mí. Rédíò orí tábìlì rẹ̀ ń ròyìn bí Amẹ́ríkà ṣe ní òun ò ní ta ṣíìpù tó lágbára, ìyẹn ọpọlọ kékeré inú kọ̀ǹpútà àti fóònù, fún Ṣáínà, tí Ṣáínà náà sì ní irin tí wọ́n fi ń ṣe mágínẹ́ẹ̀tì ò ní máa jáde bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ èèyàn, ṣé kò ní jà ni?"

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo lè sọ pé ogun ò dáa, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ohun tó ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn lórí ohun tó ń gbé ayé rẹ̀ ró lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ìbọn. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, mo mọ̀ pé àwọn ìjọba tó lágbára ju ti wa lọ ti bi ara wọn ní ìbéèrè yìí rí, wọ́n sì ti dáhùn ún pẹ̀lú ẹ̀mí àwọn èèyàn wọn.

Ohun tó wà lábẹ́ awò

Fóònù kan tí kò gba ṣáájì mọ́ ló ń tún ṣe lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ti tú u, ó ti yọ páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó kán fùlọ́ọ̀sì sí i, ó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i títí lẹ́ẹ̀dì tó dì í mú fi yọ́, ó wá fi twísà gbé IC ṣáájì, ìyẹn ṣíìpù tó ń bójú tó gbígba iná, kúrò wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní kí n yọjú wò ó. Ohun dúdú pẹlẹbẹ kan ni, kò tó ìdajì èékánná ọmọ-ìka, abẹ́ rẹ̀ kún fún rógódó lẹ́ẹ̀dì wínníwínní tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Èyí tó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ kò wá láti inú páálí tuntun. Ara páńẹ́ẹ̀lì fóònù mìíràn tó ti kú ló ti yọ ọ́, ó tọ́jú irú rẹ̀ púpọ̀ sínú ike kan.

IC ṣáájì yẹn ò le rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó jẹ́ ọpọlọ fóònù. Bí ẹ bá ń gbọ́ TSMC nínú ìròyìn, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ni, Morris Chang ló dá a sílẹ̀ ní Taiwan lọ́dún 1987. Nínú ṣíìpù tó dára jù lọ láyé, tí a bá kó mẹ́wàá jọ, bí mẹ́sàn-án ló ń ti ọwọ́ wọn jáde. Síbẹ̀ àwọn náà ò dá a ṣe. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín ìlà sára rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe é láyé, ìyẹn ASML ní ìlú Veldhoven ní Netherlands. Nínú ẹ̀rọ náà, ẹ̀kán tánńganran yíyọ́ ń já bọ́ ní ìgbà 50,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iná léésà ń bá ìkọ̀ọ̀kan wọn kó tó bọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń lò ti ń jáde. Zeiss ní Jámánì ló ń ṣe dígí rẹ̀. Japan ló ń kó ọ̀pọ̀ kẹ́míkà tó ń bá a ṣiṣẹ́ wá. Amẹ́ríkà ló ni púpọ̀ nínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán ṣíìpù kí wọ́n tó ṣe é.

Bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ra wọn, ẹ ti gbọ́ ọ tó. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ti rẹ̀ gidi ní oṣù Kẹwàá 2022. Ṣáínà fi òfin de gallium àti germanium, irin méjì tí wọ́n ń lò nínú ṣíìpù, ní oṣù Kẹjọ 2023, ó sì fi de oríṣi méje nínú àwọn irin tí wọ́n ń pè ní rare earth, tí mágínẹ́ẹ̀tì alágbára nílò, ní oṣù Kẹrin 2025. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Ford dáṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan ní Chicago nítorí pé kò rí mágínẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn kì í ṣe àsọdùn: ọ̀nà oúnjẹ ni wọ́n ń dí lóòótọ́.

Ìbàdàn jà

Ìtàn tó wá sí mi lọ́kàn kò jìnnà sí wa. Mọ́tò tó bá gbéra ní Òṣogbo láàárọ̀ ti dé Ìmẹ̀sí-Ilé kí oòrùn tó mú, níbi tí àwọn baba wa ti bá ara wọn jagun.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn lọ́dún 1877. Ìlú náà lágbára, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì pọ̀, Òṣogbo wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò ní etí òkun. Ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ ń ti etí òkun wá, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló sì wà lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá fẹ́, wọn a ṣí i. Bí inú bá bí wọn, wọn a tì í. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, mọ̀ pé ìlú tó ń fi ogun jẹun ò gbọdọ̀ wà láìní ẹ̀tù. Ó rán àwọn èèyàn rẹ̀ lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n gbà ló dá ìjà sílẹ̀, nítorí Ẹ̀gbá kò gbà kí ohun ìjà Ìbàdàn máa gba orí ilẹ̀ wọn kọjá. Ní 30 oṣù Keje ọdún yẹn, Ìbàdàn kọlu oko àwọn Ẹ̀gbá.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí rèé, nítorí ó rọrùn láti pe Látòósà ní aṣèyí-ó-wù-ú kí a sì kọjá lọ. Ká ní mo wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn, mi ò dá ara mi lójú pé mi ò ní tẹ̀ lé e. Ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ mọ iye ẹ̀tù tó kù nínú àká rẹ̀ kò lè sùn. Bó bá sì ń dúró, àká ń gbẹ lójoojúmọ́, agbára rẹ̀ ń dín kù, ọ̀rọ̀ "ká tètè jà nígbà tí a ṣì lè jà" á wá máa dún létí bí ọgbọ́n. Irú èrò yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù nípa Amẹ́ríkà àti Ṣáínà. Ìbínú lè rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé àsìkò òun ń lọ, tó rò pé ọ̀la á le ju òní lọ, kò ní fẹ́ dúró gbọ́ ẹjọ́.

Kí ni Ìbàdàn rí gbà? Ìjẹ̀bú dara pọ̀ mọ́ Ẹ̀gbá, ọ̀nà tí wọ́n jà torí rẹ̀ sì tún dí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lọ́dún 1878, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn kó ara wọn jọ, Ìlọrin sì wà lẹ́yìn wọn. Ní 1 oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ìbàdàn ṣẹ́gun ní Ìkìrun, àìmọye èèyàn tó ń sá lọ ló bá odò Ọ̀tìn lọ. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Ogun Jálumi títí dòní nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun yẹn ò parí nǹkan kan. Wọ́n tún lọ dojú kọ ara wọn láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n pàgọ́ síbẹ̀, àgọ́ di ìlú, wọ́n ń bímọ níbẹ̀, wọ́n ń sìnkú níbẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ìbọn. Ìbàdàn torí ìbọn dá ogun sílẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ló wá ra ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki láti ìdí, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn. Ọ̀nà Oǹdó, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti là ní 1872, wúlò fún wọn gan-an. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ẹni tí Ìbàdàn rò pé òun á fi ẹ̀tù borí ti gba ẹ̀yìn lọ ra èyí tó dára ju ti Ìbàdàn lọ.

Látòósà kú sí àgọ́ ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àgọ́ ò tú. Ní 1892, Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà títì yìí kan náà kọlu Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ́n pẹ̀lú ìbọn Maxim, ó sì ṣẹ́gun wọn. Àgọ́ ogun yẹn, tí wọ́n ń pè ní Kírìjí, tú ní 1893. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà ṣí lóòótọ́. Ẹni tí kò bá wọn jà láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ni ín. Ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni.

Orílẹ̀-èdè kan, ọrùn tí wọ́n fún lẹ́ẹ̀mejì

Ẹnì kan lè sọ pé ogun àtijọ́ nìyẹn, ayé ti yàtọ̀. Ó dáa. Japan ni kí a wò, nítorí wọ́n ti fún un lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì, èsì méjèèjì sì yàtọ̀.

Àkọ́kọ́ jẹ́ ní 1941. Japan ti ń bá Ṣáínà jagun láti 1937, ó sì tún wọ gúúsù ilẹ̀ tó di Vietnam lónìí. Amẹ́ríkà dá epo rẹ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún epo Japan ló ń ti Amẹ́ríkà wá. Àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi rẹ̀ ka epo tó kù, wọ́n rí i pé kò ní pẹ́ tán, wọ́n ní ká tètè jà nígbà tí a ṣì lè jà. Ní 7 oṣù Kejìlá, wọ́n kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà. Wọ́n sì lọ gba kànga epo ní ilẹ̀ tó di Indonesia lónìí. Wọ́n gba kànga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà ń ri ọkọ̀ tó ń gbé epo náà bọ̀ wálé. Epo wà nílẹ̀, kò dé ilé. Ní oṣù Kẹjọ 1945, ìlú Hiroshima àti Nagasaki ní Japan jóná.

Ẹ kíyè sí i pé ogun tí Japan ń jà lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n ti epo mọ́ ọn. Nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà dídí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹni tí wọ́n dí i mọ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí a tó bá a sunkún.

Ìkejì jẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2010. Ọkọ̀ apẹja Ṣáínà kan forí gbá ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun Japan nítòsí erékùṣù Senkaku, Japan mú ọ̀gá ọkọ̀ náà. Kò pẹ́ tí rare earth tó ń ti Ṣáínà bọ̀ ò fi wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni Japan ti ń rí èyí tó pọ̀ jù lọ. Láìsí i, ọ̀pọ̀ mọ́tò oníbátìrì kò ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kò ṣeé ṣe. Ọrùn ni wọ́n tún fún un.

Lọ́tẹ̀ yìí, owó ló gbé jáde. Ní 2011, ó kó owó lé ilé-iṣẹ́ Lynas lọ́wọ́ kó lè máa wa irin náà ní Ọsirélíà. Àwọn onímọ̀ rẹ̀ wá ọ̀nà tí mágínẹ́ẹ̀tì á fi máa lo díẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ń yọ irin lára ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, bí ọmọ Ọláìyá ṣe ń yọ IC lára páńẹ́ẹ̀lì tó ti kú. Ní 2012, òun, Amẹ́ríkà àti àjọ ilẹ̀ Yúróòpù gbé Ṣáínà lọ síwájú àjọ òwò àgbáyé, wọ́n dá wọn láre ní 2014, Ṣáínà sì mú òfin tó fi ń dín iye irin tó ń jáde kù kúrò ní 2015. Ohun tí Japan ń gbà lọ́wọ́ Ṣáínà sọ̀kalẹ̀ láti bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá sí bí mẹ́fà. Kò tíì bọ́ tán, ó ṣì ní àwọn oríṣi tó wúwo tí kò tíì rí níbòmíràn tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ìlú tó jóná.

Nítorí náà, èsì tí mo ní fún ọmọkùnrin yẹn rèé: rárá, ọ̀nà dídí nìkan kò tó fa ogun. Kì í ṣe pé ìyà ibẹ̀ kéré. Ogun kì í ṣí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fagbára mú ní í le koko.

Taiwan ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè. Bí Ṣáínà, tó ń sọ pé òun ló ni Taiwan, bá kọlu ibẹ̀, èèyàn bí mílíọ̀nù 23 ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n ní ilé, wọ́n ní òkú tí wọ́n sin síbẹ̀. Bí wọ́n bá dìde gbèjà ara wọn, mi ò ní sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó. Ogun ààbò ni, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí ẹnì kan ní òkèèrè máa sọ pé ó yẹ kí a jà fún Taiwan nítorí ṣíìpù. Bó bá jẹ́ pé ṣíìpù ni ìdí, kí ni yóò kù lọ́jọ́ tí ṣíìpù bá ń jáde níbòmíràn tó? TSMC ti ń ṣe ṣíìpù ní Arizona báyìí. Ẹni tó fẹ́ràn ẹ nítorí ohun ọwọ́ rẹ á fi ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá rí i rà níbòmíràn. Àwọn èèyàn Taiwan tọ́ sí ìdí tó ju ìyẹn lọ.

Bákan náà ni ti ẹni tó bá fẹ́ fi ogun gba ilé-iṣẹ́ náà. Mark Liu tó jẹ́ alága TSMC nígbà náà sọ ọ́ gbangba ní 2022 pé kò sẹ́ni tó lè fi ipá ṣàkóso ilé-iṣẹ́ àwọn, pé bí ogun bá wọ ibẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Òótọ́ ni. Ta ni yóò wá láti Veldhoven wá tún ẹ̀rọ ṣe fún ẹni tó fi àdó olóró wọlé? Ẹ rántí Ukraine. Kí ogun tó dé, bí ìdajì gáàsì neon tí ilé-iṣẹ́ ṣíìpù ń lò láyé ló ń ti ibẹ̀ wá. Nígbà tí ogun náà dé ní 2022, ilé-iṣẹ́ méjì tó ń ṣe é, ọ̀kan ní Mariupol, ọ̀kan ní Odesa, dáṣẹ́ dúró. Kò sẹ́ni tó fi ogun yẹn rí neon gbà.

Bẹ́ẹ̀ àwọn alágbára méjèèjì mọ bí a ṣe ń jókòó sọ̀rọ̀. Ní 30 oṣù Kẹwàá 2025, Trump àti Xi Jinping pàdé ní Busan, Ṣáínà sì gbà láti dá òfin tuntun tó fẹ́ fi kún ti àtijọ́ dúró fún ọdún kan. Ọdún kan kéré. Ó sàn ju àgọ́ Kírìjí lọ.

Ilẹ̀ tí irin wà

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ mí lógún tó báyìí ni pé àwa aláwọ̀ dúdú kì í sábà wà níbi tí wọ́n ti ń jíròrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ni irin wà. Èyí tó ju ìdajì lọ dáadáa nínú cobalt ayé ló ń ti Kóńgò wá. Ní 2024, àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 gba Rubaya, níbi tí wọ́n ti ń wa coltan tó ń wọ inú fóònù wa. Ní oṣù Kìíní 2025, wọ́n gba ìlú Goma. Ìjà yẹn ti pẹ́, ó sì ní gbòǹgbò tó jinlẹ̀ ju irin lọ, àmọ́ owó irin ló ń ra ọta fún un. Nígbà tí Amẹ́ríkà sì pe Kóńgò àti Rwanda sí Washington ní oṣù Kẹfà 2025 láti tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, ọ̀rọ̀ irin wà nínú ìwé náà. Ẹni tó ń wa coltan pẹ̀lú ṣọ́bìrì kò bá wọn jókòó.

Àwa náà ńkọ́? Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní góòlù. Àwọn tó ń wà á láìgbàṣẹ ti da ẹrẹ̀ sí odò Ọ̀ṣun títí ó fi pọ́n, odò kan náà tó ń ṣàn gba inú igbó tí UNESCO fi sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní 2005. Ó dé ibi pé ìjọba ń kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun kí wọ́n má mu omi náà. Mo ti rí ìyá àgbà kan tó bu omi yẹn sínú ìgbá, tó gbé e sókè wò nínú oòrùn, tó sì rọra dà á padà láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Góòlù nìkan ló ṣe èyí, láìsí ogun kankan. Báyìí wọ́n tún ti ń wa lithium ní ilẹ̀ wa, àwọn ará Ṣáínà ti dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nasarawa, àwọn Òyìnbó náà ń wò ó.

Mi ò ní kí a lé ẹnikẹ́ni. Kí a tà á fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí á má ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí èyí tí a bá lè yọ́ nílé di yíyọ́ kó tó jáde. Kí àdéhùn tí ìjọba bá fẹ́ tọwọ́ bọ̀ wà ní gbangba, ní èdè tí àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà gbọ́, kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí ó sì hàn nínú rẹ̀ ẹni tí yóò fọ omi mọ́ bó bá bàjẹ́, àti owó tí yóò fi sílẹ̀ fún un kó tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀.